Lẹ́ńsì Mẹ́rin Lórí Tábìlì Dókítà

Mo ti kórìíra ènìyàn méjì láyé mi débi pé mo ń ṣépè fún wọn lórí ẹní ìkírun. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣẹ̀ mí rárá. Èkejì ṣẹ̀ mí, mi ò sì tíì dárí jì í títí di òní tí mo ń kọ ọ́ yìí.

Jeddah ni mo ń gbé nígbà náà. Ogun Kùwétì ti parí bí ọdún mẹ́ta. Ilé ìwòsàn kan ló gbà mí wá láti Nàìjíríà láti máa tún àwọn ẹ̀rọ wọn ṣe: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun, máíkírósíkóópù, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Ìwé mi pé, ilé tí wọ́n fún mi dára, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ mi. Jeddah la bí ọmọ náà sí. Bí a bá bá a sọ Yorùbá, á gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dá wa lóhùn.

Fọ́tò ni bàbá mi yà jẹun ní Ọ̀yọ́. Kámẹ́rà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í fi ya oníbàárà, àwa ará ilé nìkan ló fi ń yà. Òyìnbó ará Jámánì kan tó wá wọn ilẹ̀ ló fún un kó tó padà sílùú rẹ̀. Kámẹ́rà yìí kì í ṣe irú èyí tí ojú ẹni ń gba inú lẹ́ńsì kọjá. Fèrèsé kékeré kan ló wà lókè rẹ̀. Bí o bá fi ojú sí i, ẹni tó dúró níwájú rẹ á pín sí méjì bí ìbejì, ojú mẹ́rin, imú méjì. Wàá wá máa yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì á fi wọ ara wọn di ẹyọ kan. Ìgbà yẹn lo tó máa tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ti kọ́ mi ní èyí kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tó kú, kámẹ́rà náà nìkan ni mo ní kí wọ́n fún mi nínú ogún.

Lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu rẹ̀, oní mìlímítà àádọ́ta ni, èyí tí a lè tì wọ inú kámẹ́rà bí ìjàpá ṣe ń fa orí wọlé. Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó yàtọ̀. Bí o bá gbé e lé orí bébà funfun, gíláàsì rẹ̀ á hàn bí omi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Gbogbo àwòrán aláwọ̀ tó bá yà ló máa ń pọ́n díẹ̀, bí ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá yọjú wọ yàrá. Èmi rò pé ogbó ló ń ṣe é.

Dókítà ló là mí lójú. Oníṣẹ́ abẹ ni, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, ó sì ti pẹ́ ní Jeddah. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ilé rẹ̀ la máa ń kóra jọ sí: olùkọ́ yunifásítì kan àti ìyàwó rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi, àti ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Ìyàwó Dókítà á gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ó jẹ, a ó sọ̀rọ̀ ilé títí a ó fi kírun Àsárì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà bàbá mi lọ síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni Dókítà fi gbà á.

"Ẹnjiníà, ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Kámẹ́rà bàbá mi ni, sà."

"Kámẹ́rà kọ́ ni mò ń wí. Lẹ́ńsì ni."

Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan, ó kó lẹ́ńsì mẹ́rin jáde, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to ẹyin. Ó ní lẹ́ńsì kan náà ni gbogbo wọn, ìran mẹ́rin ni. Ìran àkọ́kọ́ ṣeé tì wọlé bíi ti bàbá mi. Ìran kejì kò ṣeé tì, irin funfun ni, ó wúwo bí òkúta. Ẹ̀kẹta dúdú, ó sì fúyẹ́. Ẹ̀kẹrin dúdú bákan náà, ṣùgbọ́n ó kúrú, ó sì ní etí kékeré kan lábẹ́ tí a fi ń yí i.

"Ìran àkọ́kọ́ tèmi yìí, ẹ̀yìn ló jáde," ó ní. "Àwọn tó ṣáájú pátápátá, wọ́n po nǹkan kan mọ́ gíláàsì wọn tó ń jẹ́ tóríọ́ọ̀mù. Òun ló ń mú un pọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Mo wá irú ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, mo wá a ní Káírò, mi ò rí i." Ó gbé ti bàbá mi sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ẹni tí kò tiẹ̀ wá a ló rí i."

Ẹ̀rín ni mo rín. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá ti jẹun tán, orí òrùlé ilé rẹ̀ ni èmi àti Dókítà máa ń gbà lọ. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò ní gbangba ìgboro níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọlọ́pàá bi í léèrè, ṣùgbọ́n lórí òrùlé, ó wà ní ìkáwọ́ wa. A ó gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta, a ó kọjú rẹ̀ sí ohun kan náà: ilé tó wà ní òdìkejì, táńkì omi rẹ̀, àti ilé ẹyẹlé kan tí àwọn ará ibẹ̀ kàn sórí rẹ̀. A ó yà á pẹ̀lú ìran àkọ́kọ́, a ó yọ ọ́, a ó fi èkejì sí i, títí gbogbo wọn á fi kárí. Dókítà ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ìran kejì ló mú jù. O lè ka búlọ́ọ̀kù ilé yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta dà bí ẹni pé ó kánjú. Ẹ̀kẹrin dára láti etí dé etí, kò sí ohun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí o máa rántí nípa rẹ̀. Ti bàbá mi mú ní àárín, etí rẹ̀ á rí bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò pa á rẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ya ènìyàn, àwọ̀ dúdú wa á jáde bí a ṣe rí gan-an lójú ara wa. Ìyàwó Dókítà fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ó ní ti Ẹnjiníà nìkan ni òun fẹ́ kí wọ́n máa fi ya òun. Mo rí Dókítà tó pa ìwé rẹ̀ dé.

Bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ọ̀rinrin Òkun Pupa wọ inú lẹ́ńsì mi, ó sì ń hu bí èéfín. Mo gbé e lọ sí Ammariyah, ní ẹ̀bá ìlú àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù aago kan wà níbẹ̀ tí ará Yẹ́mẹ̀n kan ni ín. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ní ibi tí kò ju ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì kan lọ, bàbá kan máa ń jókòó tún aago, rédíò àti kámẹ́rà ṣe. Ọmọ Ìwó ni. Ó wá ṣe háájì ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, kò sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ bàálù padà. Kò ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú náà. Kudai ní Mẹ́kà ló ń sùn, òun àti ọmọ Yorùbá mẹ́ta mìíràn nínú yàrá kan, láràárọ̀ ló sì ń bá ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Jeddah. Àlàájì Kudai ni gbogbo wa ń pè é.

Ó wo lẹ́ńsì náà pẹ́.

"Ta ló ni èyí?"

"Bàbá mi ni, Àlàájì. Ó ti di olóògbé."

"Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Mi ò ní fi aṣọ nu iwájú rẹ̀ o. Ó rọ̀ bí awọ ọmọ tuntun. Èémí ẹnu àti òwú ni mo máa fi ṣe é."

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ gbà á. Èéfín inú rẹ̀ ti lọ. Mo dúpẹ́, mo jù ú sápò, mo sì kánjú padà síbi iṣẹ́. Mi ò gbé e lé orí bébà funfun. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Dókítà ní kí n fi sílẹ̀ fún òun.

"Mo fẹ́ fi gbogbo wọn ya ojú kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, kí n mú wọn wé ara wọn dáadáa. Ṣé kò sí ìyọnu?"

"Ìyọnu kẹ̀, sà? Ẹ mú un."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e.

Mo fi ya ìyàwó àti ọmọ mi ní etíkun. Nígbà tí fíìmù náà dé láti ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, mo so aṣọ ibùsùn mọ́ ògiri, mo pa iná, mo sì ń fi ẹ̀rọ tan àwọn àwòrán náà sára rẹ̀. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Lésh mú asfar, yá bábá?"

Ó ń béèrè ìdí tí kò fi ní àwọ̀ ìyeyè. Ìyàwó mi rín ẹ̀rín. Èmi ò rín in. Mo wá àwọn àwòrán ọdún tó kọjá, mo tàn wọ́n tẹ̀lé e. Ìyanrìn tó pọ́n bí gààrí tí a fi epo yan ní ọdún tó kọjá ti funfun bí ìyẹ̀fun. Mo tan iná, mo gbé lẹ́ńsì náà lé orí bébà. Bí omi kànga ló mọ́. Nọ́ńbà tó wà ní òrùka iwájú rẹ̀, nọ́ńbà bàbá mi ni, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n gíláàsì náà kì í ṣe ti bàbá mi.

Dókítà ni mo sáré tọ̀ lọ. Ó gbé awò-asọhun-kékeré-di-ńlá sójú, ó yí lẹ́ńsì náà sọ́tùn-ún sósì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Wo ìhà yìí, lára òrùka. Ṣé o rí ibi tí irin ti yọ̀ tó ha á? Ẹnì kan ti yọ òrùka yìí, ó sì ti gbé e lé orí mìíràn."

"Ta ni, sà?"

"Ta lo gbé e fún kó tún un ṣe?" Ó gbé lẹ́ńsì náà lé mi lọ́wọ́. "Mi ò bá ẹ dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé, tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa kó òun, kí ni kò lè tà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ ara, ó rọra wọlé, kò sì dùn mí títí ó fi dé egungun. Mi ò bá a jiyàn. Mo ti ń wo ojú Àlàájì Kudai lọ́kàn mi, mo sì ń rí olè níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà láìkí ẹnikẹ́ni.

"Gíláàsì bàbá mi dà?"

Bàbá náà gbé ojú kúrò lórí aago tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Gíláàsì wo?"

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín. Ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀."

Ó gbà á, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Èyí kọ́ ni mo tún ṣe. Èyí tí mo tún ṣe pọ́n. Ta ló tún ti gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mo ń bi ọ́ ní ìbéèrè kan ni. Lẹ́yìn tí o kúrò níhìn-ín, ọwọ́ ta ló tún dé?"

Bí mo bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn, ohun tó kù ì bá má ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Mo kọjú sí ará Yẹ́mẹ̀n tó ni ṣọ́ọ̀bù, mo fi Lárúbáwá kígbe pé harámì ni ọkùnrin yìí, olè, àti pé bó bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, èmi á mú ọlọ́pàá wá. Ará Yẹ́mẹ̀n náà wo káàdì ìkámà tí mo yọ sí i lójú, ó wo aṣọ mi, ó sì wo bàbá náà. Kó tó di ìrun Súhúrì, Àlàájì Kudai ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì ti jáde. Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó ní, "Ọlọ́run rí wa." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kó tó mi. Kò tó mi. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo lọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà. Mo yí Káábà ká, mo mu omi Sámúsámù, mo fá orí mi. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ ìhárámù, ọkọ̀ ni mo wọ̀ tààrà lọ sí Kudai. Àwọn ọmọ Yorùbá ìhà ibẹ̀ ti kírun Àsárì tán, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé. Wọ́n dìde kí mi nítorí pé Ẹnjiníà ni mí. Àlàájì Kudai kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ wá iṣẹ́.

Mo ní, "Àlàájì tó ń bá yín gbé, olè ni. Ogún bàbá mi ló jí. Mo ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, mo sì ń bọ̀ wá sọ fún ọlọ́pàá. Kí ẹ mọ ẹni tí ẹ jọ ń sùn o."

Mi ò ní i lọ́kàn láti lọ bá ọlọ́pàá kankan. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù ni. Mo sì mọ̀ pé nínú gbogbo àwọn tó jókòó sórí ẹní yẹn, kò sí ẹni tó ní ìwé. Ẹni tí ọlọ́pàá bá ń bọ̀ wá wá, ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ ni.

Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ síta. Kò ní ibi tó máa sùn ní Mẹ́kà, kò níṣẹ́ ní Jeddah. Bahra ló lọ, tó wà ní àárín ìlú méjèèjì, ó sì ń ru àpò ní ilé ìkẹ́rùsí kan, bàbá tó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ju irinṣẹ́ aago àti rédíò lọ. Kò pé oṣù kan tí àwọn ọlọ́pàá ìwé ìgbélùú fi ya wọ ibẹ̀. Wọ́n kó o lọ sí tarhíìlì, ibi tí wọ́n ń ti àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sílùú wọn mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n sì fi bàálù gbé e lọ. Ẹnì kan ní Kudai ló tẹ̀ mí láago láti sọ fún mi.

Mo ní kí ìyàwó mi din ẹja. Mo jẹ ẹ́ tẹ́rùntẹ́rùn. Mi ò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka èyí.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí n tó mọ òtítọ́. Ẹ̀rọ kan bà jẹ́ ní ilé ìwòsàn wa, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ìtànṣán bá ń jò níbikíbi. Mo tún un ṣe, mo sì gbé e lọ fún ará Íjíbítì tó ń bójú tó yàrá ìtànṣán kó dán an wò. Ó ṣí dúróà, ó mú àwọ̀n funfun tí wọ́n ń so mọ́ àtùpà gáàsì jáde, ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí gúgúrú nínú ìkòkò gbígbóná.

"Tóríọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀," ó ní.

Mo dá iṣẹ́ dúró. Kámẹ́rà bàbá mi wà nínú dúróà mi, mo lọ gbé e wá. A gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Kò sọ nǹkan kan.

"Bí wọ́n bá sá irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sóòrùn tí àwọ̀ rẹ̀ bó ńkọ́?" ni mo bi í.

"Oòrùn lè bó àwọ̀ rẹ̀. Kò lè mú un dákẹ́."

Mo jókòó. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ẹ̀rọ náà fi hàn, pé gíláàsì náà kì í ṣe ti bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí n kò bínú fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí ohun tí ìbínú kò jẹ́ kí n rí. Ẹni tó bá fẹ́ jí gíláàsì yìí, kó sì fi òmíràn dípò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ní òmíràn tó bá a mu wẹ́kú. Níbo ni alátùn-únṣe kan ní Ammariyah ti máa rí i? Ní gbogbo Jeddah, ta ni mo mọ̀ tó ní ìran àkọ́kọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ bí a ti ń ṣí nǹkan kékeré, tí a sì ń rán an padà?

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kó ara mi jọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé ẹ̀rọ náà sínú báàgì lọ sí ilé Dókítà. A jẹun. Olùkọ́ yunifásítì náà àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí a ti wo àwọn lẹ́ńsì yín."

Inú rẹ̀ dùn. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo yọ ẹ̀rọ mi, mo ní mo fẹ́ fi eré kan hàn wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo gbé e sún mọ́ ìran kẹrin: ó dákẹ́. Ẹ̀kẹta dákẹ́. Èkejì dákẹ́. Mo rí òógùn níwájú orí Dókítà.

"Ẹnjiníà, kí ni—"

Mo gbé e sún mọ́ ìran àkọ́kọ́. Gúgúrú bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó ń ta, mi ò sì gbé e kúrò.

"Tèmi náà lè ní i nínú," ni Dókítà wí.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ níbí pé ẹ̀yìn ni tiyín jáde." Mo ṣí ìwé rẹ̀. Ó na ọwọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ojú ìwé tí mò ń wá. Mo kà á sókè. Ní ọdún tó kọjá, ó kọ ọ́ pé: *Ìran àkọ́kọ́, tèmi: funfun, tutù.* Oṣù tó tẹ̀lé e, bákan náà. Mo ṣí ojú ìwé tí ó kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí lẹ́ńsì mi fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. *Ìran àkọ́kọ́, tèmi: ó pọ́n, àwọ̀ ara ènìyàn dára púpọ̀.* Kò lè ṣe kó má kọ òtítọ́ sínú ìwé yẹn. Ó fẹ́ràn kó mú nǹkan wé ara wọn ju bó ṣe fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ.

"Mo fẹ́ dá a padà," ó ní. "Mo kàn fẹ́ lò ó fún ìgbà díẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ dá a padà?"

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Dókítà, bàbá Kudai yẹn ńkọ́?"

Dókítà gbójú sókè, èmi ló sì ń wò. "Èmi kọ́ ni mo lọ sí Kudai," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ìwọ lo lọ."

Mo fẹ́ gbá a létí. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbá a ni pé òótọ́ ló sọ.

Mo gba gíláàsì bàbá mi níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ òrùka, tó sì dá ti oníkálukú padà. Mo sì rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sínú yàrá yẹn. Ẹnu tí mo fi ba Àlàájì Kudai jẹ́, òun náà ni mo fi tú Dókítà sí ìhòòhò. Gbogbo ọmọ Yorùbá láti Jeddah dé Mẹ́kà ló gbọ́. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò lọ sí ilé rẹ̀. Nígbà Ààwẹ̀, mo rí i nínú mọ́ṣáláṣí, ó kírun tán, ó sì ń wá ẹni tó máa bọ̀ lọ́wọ́. Mo wò ó títí ó fi rí mi, mo sì yí ojú kúrò. Kó tó di ọdún kejì, ó ti gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Inú mi dùn. Bí mo bá rántí bó ṣe na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí yẹn, inú mi ṣì máa ń dùn.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ̀san Àlàájì Kudai lára mi.

Nígbà tí mo gba ìsinmi, mo wá a lọ sí Ìwó. Kò ṣòro láti rí. Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù aago kan sí iwájú ilé rẹ̀. Ó ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ìyẹ̀pẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Mo ti gbọ́. Àwọn ará Kudai kọ lẹ́tà."

"Mo wá bẹ̀bẹ̀, Àlàájì."

Mo gbé lẹ́ńsì náà lé orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó gbà á. Kò fọwọ́ kàn án. "Ti bàbá rẹ ni. Fi sápò." Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní kó jókòó. Ó wá kọjú sí mi.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí ẹní ní Kudai, mi ò sí níbẹ̀. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Má yọ nǹkan kan kúrò."

Mo sọ ọ́. Olè ni. Ogún bàbá mi ló jí. Kí ẹ mọ ẹni tí ẹ jọ ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ fi etí gèlè bo ẹnu. Ó ní kí n wá sọ òtítọ́ tẹ̀lé e, mo sì sọ òtítọ́, láti orí Dókítà dé orí tèmi. Mo rò pé ó ti parí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan yà wọlé láti kí i. Bàbá náà ní, "Jókòó. Ẹnjiníà láti Jeddah ní nǹkan láti sọ." Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni aládùúgbò kan dé tó wá gba aago. Lẹ́yìn rẹ̀, lèmọ́mù àdúgbò. Kò gbé ohùn sókè, kò bú mi, kò fún mi lómi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé, ó kàn ń tọ́ka sí mi ni, èmi á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti Kudai. Láti ìgbà tí a kírun Àsárì tán títí wọ́n fi ń múra àtipe ìrun Màgáríbì, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè é lólè, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sì pe ara mi ní òpùrọ́.

Mo béèrè bóyá ó dárí jì mí.

Ó ti aago kan sápá kan, ó gbọn eruku kúrò lórí tábìlì rẹ̀. "Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ," ó ní. "Máa lọ kí ọkọ̀ tó tán ní gáréèjì."